Aṣọ Òtútù ní Ìlú Ọ̀sà

Bí àlejò kan bá gúnlẹ̀ sí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ní ọ̀sán gangan oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn bá mú ọ̀dà ojú títì Ìdúmọ̀tà títí tí ọ̀dà fi ń rọ̀, tí òógùn sì ń ṣàn lára aláàárù láti orí dé ẹsẹ̀, bí a bá wá sọ fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ pé aṣọ òtútù wà lára ohun tí àwọn ará ìlú yìí ń rà, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n sì ń kó pamọ́ láti ìran dé ìran, yóò ṣòro fún un láti gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Súwẹ́tà àti kádígàn wà nínú àpótí ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bí ó ti wà lẹ́yìn àga akọ̀wé báńkì ní Marina. Ó wà lára ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí a ń gbé jáde fún ìsọmọlórúkọ, ó sì wà lára ọmọ ilé-ìwé tí ń sáré kí agogo ó má baà lù bá a lọ́nà ní òwúrọ̀ oṣù Agẹmọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a mọ̀ ọ́n rà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò mọ bí a ti í wọ̀ ọ́ kí ó yẹni, àwọn tí ó sì mọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàjẹ́, kí ó má sì pa ẹnikẹ́ni lára, kò pọ̀ rárá.

Kì í ṣe pé Èkó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí òtútù ìlú yìí ó rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, kódà nígbà tí ọyẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ọya ní oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí òkun àti ọ̀sà tí ó yí wa ká kì í jẹ́ kí ọyẹ́ ó rí wa mú bí ó ti ń rí àwọn ará Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ mú. Ìgbà tí ara ń bèèrè aṣọ ní tòótọ́ ní Erékùṣù Èkó ni ìgbà òjò, láti oṣù Òkúdù títí wọ oṣù Ògún, nígbà tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ gba Marina kọjá, tí ojú ọ̀run sì ṣú dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Òtútù kejì, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó ti wá: òtútù ẹ̀rọ amúlétutù inú báńkì, inú ọ́fíìsì, inú ilé ẹjọ́ àti inú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ti inú ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina lọ sí Mile 2 ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2023. Ẹni tí ó bá jáde nílé ní Ìdúmàgbò ní kùtùkùtù yóò la òtútù àárọ̀ kọjá, yóò bọ́ sínú ooru ọjà, yóò wọ inú òtútù ọ́fíìsì, yóò sì tún bọ́ sínú ooru kí ó tó délé. Aṣọ tí a lè bọ́, tí a sì lè gbé wọ̀ padà láì da aṣọ abẹ́ rú, ni ó bá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mu, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kádígàn tí a ń fi bọ́tìnnì dè níwájú sàn fún ará Èkó ju súwẹ́tà tí a ń ti orí bọ̀ lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé aṣọ onírun àgùntàn wọ̀ ní ìlú yìí kò ro ti ooru rárá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, àwọn Sàró ti kún Ọlọ́wọ̀gbowó, àwọn Àgùdà sì ti ń kọ́ ilé alárà sí Pópó Àgùdà. Kò sì pẹ́ tí kóòtù nípọnnípọn, wésíkóòtì àti ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fi di aṣọ ìsìn ọjọ́ Àìkú fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí a mọ òun sí ọ̀làjú. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Mojọlá Agbébì, àgbà òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí ó fi orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀ ní 1894, pa aṣọ òyìnbó tì pátápátá, aṣọ ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó sì ń wọ̀ nílé àti lẹ́yìn odi. Lójú tèmi, Agbébì rí òtítọ́ kan tí ó yẹ kí á máa rántí títí di òní, pé aṣọ tí kò bá ní iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe fún ara, ẹrù ni ó jẹ́ fún ara.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ òkun Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool ní 1951, kò sí ẹni tí a ní láti kọ́ ní iṣẹ́ tí aṣọ òtútù ń ṣe. Àwọn òbí ta ilẹ̀, wọ́n dá èsúsú, wọ́n fi ra súwẹ́tà fún ọmọ tí ń lọ kàwé. Nígbà tí ọmọ sì tẹ́rí gba ìwé ẹ̀rí tí ó padà dé, súwẹ́tà bá a bọ̀, ó di aṣọ àwọn bàbá tí ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà, tí wọ́n gbé e wọ̀ lé bùbá àti ṣòkòtò, tí wọ́n sì gẹ fìlà sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń jápa lónìí ń rin ọ̀nà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ni tiwọn: kí wọ́n tó lọ, ẹ óò rí wọn ní ọjà Yàbá àti ní Katangua lápá Agége, tí wọ́n ń tú òkìtì aṣọ nílẹ̀, nítorí súwẹ́tà tí a rà ní Èkó kò wọ́n tó èyí tí a óò rà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òkìtì wọ̀nyí ni a ń pè ní òkìríkà tàbí bọ́síkọ́nà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ka aṣọ àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ ó ń wọlé, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba Kútọnu kọjá, níbi tí ọjà Missèbo ti gbajúmọ̀ fún un. Irú kejì ni tuntun tí ó ti Ṣáínà wá, tí ó kún Balógun àti agbègbè Mandilas. Irú kẹta ni èyí tí àwọn obìnrin wa ń fi abẹ́rẹ́ tàbí kóróṣé hun fúnra wọn, pàápàá fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti kádígàn ọmọ ìkókó. Òwú tí wọ́n sì ń lò, èyí tí a ń pè ní Brazilian wool, kan náà ni èyí tí àwọn onídìrí fi ń di irun. Orúkọ yẹn ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kò sí irun àgùntàn kankan nínú rẹ̀. Òwú ilé-iṣẹ́ ni, èyí tí a ń pè ní acrylic, inú epo rọ̀bì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a níwájú.

Ẹ wo bí obìnrin tí ó mọ aṣọ ti ń yan súwẹ́tà nínú òkìtì. Kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀. Ọwọ́ ni ó ń kì bọ inú apá ẹ̀wù náà, yóò na ọwọ́ sókè síhà ìmọ́lẹ̀, bí ihò kan bá wà níbẹ̀, bí orí abẹ́rẹ́ ni ó mọ, ìmọ́lẹ̀ yóò tú u fó. Yóò yí i padà, yóò wo abíyá, nítorí ibẹ̀ ni òógùn ti ń jẹ aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ìka méjì di etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, yóò fà á gbọọrọ, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bí ó bá sún kì padà sí ààyè rẹ̀, ẹ̀mí ṣì wà nínú aṣọ náà, bí ó bá là sílẹ̀ tí kò padà, owó tí a bá san lé e ti ṣòfò. Bí ó bá sì ń ṣiyèméjì nípa ohun tí a fi hun ún, yóò fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ láti abẹ́ rẹ̀, yóò sì ṣáná sí i. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tí iná jó, eérú rẹ̀ a sì fọ́ sábẹ́ ìka. Òwú oko a máa rùn bí ìwé tí a dáná sun. Ti ilé-iṣẹ́ a máa yọ́, a sì di kókó dúdú líle. Ohun tí ó bá rí ni yóò sọ bí a óò ti fọ aṣọ náà àti bí a óò ti kó o pamọ́.

Ó ku wíwọ̀. Àwọn àgbà ní aṣọ àyálò kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lọ́rùn, a ṣo ni lápá. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. N kò mọ aṣọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu ju súwẹ́tà lọ, nítorí aṣọ tí a hun kì í bo àṣírí bí agbádá ti ń bò ó. Ibi tí ara bá ti yọ ni òun náà ń yọ sí. Ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á wò ni èjìká. Ojú rírán tí ó so apá mọ́ ara ẹ̀wù gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sí orí eegun èjìká gan-an. Bí ó bá yọ́ sí apá, ẹni náà yóò dà bí ẹni tí ó rù, bí ó bá sì gun ọrùn, yóò dà bí ẹni tí aṣọ ń lọ́ pa. Ẹnu ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ọwọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ti ń ṣe àṣìṣe: ẹni tí Elédùmarè fún ní ìdí kì í wọ súwẹ́tà tí yóò dúró síbi tí ìdí ti fẹ̀ jù, nítorí ojú ènìyàn ń tẹ̀ lé ibi tí aṣọ bá parí sí. Kí ó dúró sí eegun ìbàdí, tàbí kí ó sọ̀ kọjá ìdí sí itan, ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kúrú, tàbí tí àyà rẹ̀ kún, kí ó wá èyí tí ọrùn rẹ̀ sọ̀ ṣóńṣó sí àyà, kí ó sì jẹ́ èyí tí a fi òwú tín-ínrín hun. Híhun olókùn ńláńlá tí ó yọ gọngọ, ti ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òun ni ó lè gbé e. Ẹni kúkúrú tí ó bá ṣí bọ́tìnnì kádígàn rẹ̀ sílẹ̀ yóò rí i pé ìlà méjì gbọọrọ tí ó sọ̀ láti ọrùn dé ìbàdí ti fi gíga kún un. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ara tí kò ní súwẹ́tà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹnìkan kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ní ti àwọ̀, ó yà mí lẹ́nu pé ìlú tí ó mọ àwọ̀ aṣọ ẹbí yàn tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti kan súwẹ́tà, dúdú àti àwọ̀ eérú nìkan ni ó ń mú. Adúmáadán tí ó bá wọ funfun ẹyin, tàbí àwọ̀ ìyeyè tí ó jinlẹ̀, tàbí pupa bí ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ yóò tàn yanran. Apọ́nbéporé tí ó bá wọ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé dúdú, ara rẹ̀ yóò gba á. Lórí àǹkárá, kí súwẹ́tà jẹ́ aláwọ̀ kan ṣoṣo, kí àwọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan tí ó ti wà nínú àǹkárá ọ̀hún, èyí tí ó kéré jù níbẹ̀ ni ó sì máa ń dára jù. Mo ti rí àwọn ìyá wa ní Ọ̀fin àti ní Ìta Fájì ní òwúrọ̀ òjò, tí wọ́n gbé kádígàn tẹ́ẹ́rẹ́ lé ìró àti bùbá, tí wọ́n ká ẹnu ọwọ́ rẹ̀ kí bùbá ó lè yọ díẹ̀, tí wọ́n sì fi ìborùn lé èjìká. Ẹwà ni, ó sì kún fún ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wé gèlè, tí a sì ró aṣọ òkè, kí kádígàn wọlé lọ sùn. Aṣọ òkè nípọn tó fúnra rẹ̀, òun kì í sì í bá ẹlòmíràn pín èjìká.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí fífọ̀, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń pa súwẹ́tà. Ìlú tí ń retí kí Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà jáde nínú aṣọ funfun láti orí dé ilẹ̀, láìsí àbàwọ́n, kì í ṣe ìlú tí kò mọ aṣọ fọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé agbára tí a fi ń fọ aṣọ òwú funfun, omi gbígbóná, ọṣẹ líle, fífi ọwọ́ gbo o àti fífún un títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán, òun gan-an ni ikú súwẹ́tà. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wínníwínní lára bíi ti ẹja, tí ojú lásán kò lè rí. Bí omi gbígbóná àti ọṣẹ líle bá kàn án, ìpẹ́ wọ̀nyí a ṣí. Bí a bá wá ń gbo o, wọn a wọnú ara wọn, wọn a há, wọn kì yóò sì tú mọ́ láé. Ìdí nìyí tí súwẹ́tà bàbá fi ń ti inú abọ́ ìfọṣọ jáde ní ìwọ̀n ti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọṣẹ dúdú wa, tí eérú bí i, le jù fún un bí ó ti wù kí ó dára fún ara ènìyàn tó; búlíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun burú jù ú lọ, nítorí ó ń yọ́ irun àgùntàn dànù.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí á tó ki súwẹ́tà bọmi, kí á tẹ́ ẹ sórí bébà ńlá, kí á sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká, kí á lè mọ bí ó ti fẹ̀ tó àti bí ó ti gùn tó. Kí á bu omi tutù sínú abọ́, èyí tí mẹ́rúwà gbé wá tí ó ti sinmi lábẹ́ òjìji tó bẹ́ẹ̀; bí omi kànga ilé bá ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára abọ́, kí á má ṣe fi fọ èyí tí ó funfun. Kí á po ọṣẹ tí kò le sínú omi náà kí aṣọ tó wọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọrun olómi wà fún irun, irun sì ni irun àgùntàn. Kí á yí inú aṣọ síta, kí á tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi, kí á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí á sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí gbígbo, kò sí lílọ́. Bí a bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ méjèèjì ni kí á fi gbà á lábẹ́, nítorí omi inú rẹ̀ wúwo, bí a bá sì fi èjìká rẹ̀ gbé e sókè, yóò fà gbọọrọ. Kí omi tí a fi ṣàn án má ṣe tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ó má sì gbóná jù ú. Ìkán ọtí kíkan díẹ̀ nínú omi ìkẹyìn ń ṣẹ́gun ìyókù ọṣẹ. Lẹ́yìn èyí, kí á tẹ́ táwẹ́lì gbígbẹ sílẹ̀, kí á tẹ́ súwẹ́tà lé e, kí á ká àwọn méjèèjì pọ̀ bí a ti ń ká ẹní, kí á sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láti òpin kan dé èkejì. Táwẹ́lì ni yóò mu omi náà.

Bí a bá tú u, kí á tẹ́ ẹ sórí bébà tí a fa ìlà sí ní ìṣáájú, kí á fi ọwọ́ tún un ṣe títí yóò fi bá ìlà náà mu, kí á wá gbé e sórí ẹní nínú ilé tàbí lábẹ́ òjìji, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá. Okùn bárándà kì í ṣe ibi tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ilé alájà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí okùn ìsáṣọ ti ojú fèrèsé kan dé ìkejì, yóò mọ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín ẹja yíyan ń gba ibẹ̀ kọjá, irun àgùntàn sì ń gba òórùn mọ́ra. Ní ìgbà òjò, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó gbẹ. Fáànù a máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ká a nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀ ti pe èébú sí àpótí rẹ̀.

Súwẹ́tà tí a fi òwú oko tàbí òwú ilé-iṣẹ́ hun kì í sún kì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ àyọ́nù gbígbóná rárá. Bí àyọ́nù bá kàn án, ojú híhun rẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì máa dán wìnnìwìnnì, kò sì sí àtúnṣe. Òun náà ni ó máa ń yọ kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́ apá, èyí tí a lè fi abẹ rọra gé kúrò bí a bá tẹ́ aṣọ náà dáadáa. Bí ẹ bá ń kó tiyín fún alágbàfọ̀, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fi sítáàṣì sí i, nítorí àwọn alágbàfọ̀ wa fẹ́ràn sítáàṣì, wọ́n sì rò pé inúure ni. Bí epo ọbẹ̀ bá ta sí i, ẹ má ṣe nu ún; páúdà ni kí ẹ bù lé e, kí ó fa epo mu di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n. Ẹ sì jẹ́ kí síńgílẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí á máa fọ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe súwẹ́tà.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Bí aṣọ bá ti mọ́, tí ó ti gbẹ, kíká ni a ń ká a, a kì í fi í kọ́. A óò sì gbé pọ́tìmántò rẹ̀ sókè kúrò ní ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó rẹlẹ̀, ọ̀rinrin rẹ̀ sì pọ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó wà: kòkòrò tí ń jẹ súwẹ́tà kì í ṣe labalábá kékeré aláwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ tí a ń rí tí ó ń fò, bí kò ṣe ìdin tí ó ti inú ẹyin rẹ̀ jáde, ibi tí òógùn àti oúnjẹ bá wà lára aṣọ ni ìdin náà sì fẹ́ràn jù. Aṣọ tí ó mọ́ tónítóní, tí a ń gbọ̀n tí a sì ń sá fẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti gba ara rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n àwa, káńfọ̀ ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Bọ́ọ̀lù funfun wẹ́wẹ́ wọ̀nyí wà nínú àpótí gbogbo ilé, òórùn wọn sì ti di òórùn aṣọ pàtàkì lójú wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí ń retí ìkúnlẹ̀ fi ń kó o sáàárín kádígàn, fìlà àti ìborùn tí a hun fún ọmọ tí ń bọ̀.

Naphthalene ni a fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀lù wọ̀nyí. Kì í yọ́ di omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń dà, ìdí nìyí tí ó fi ń kéré sí i lójoojúmọ́ nínú àpótí, afẹ́fẹ́ náà sì ń wọnú aṣọ. Bí a bá gbé aṣọ yẹn wọ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà yóò mí i símú, yóò sì gba awọ wọlé, epo tí a fi pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀ yóò sì ràn án lọ́wọ́ láti wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí ní ilẹ̀ wa tí èròjà kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, kò tó nínú ara wọn. Nínú àwọn ọmọkùnrin, ó tó nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè le koko títí káńfọ̀ yóò fi kàn án. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ibà pọ́njú sì gbé e: funfun ojú rẹ̀ yóò di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ yóò dúdú, kò ní fẹ́ mu ọmú, yóò sì máa sùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìyá bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, iná pàtàkì kan wà tí a ń tàn sí i lára, bí ó bá sì le jù bẹ́ẹ̀, a lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, àrùn náà lè dé ọpọlọ, ọmọ tí kò bá kú lè di adití, tàbí ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu títí ayé.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni pé káńfọ̀ náà kò ṣọ́ ohunkóhun. Mo ti sọ pé òwú ilé-iṣẹ́ ni a fi ń hun púpọ̀ nínú aṣọ ọmọ wa. Ìdin tí ń jẹ irun àgùntàn kò rí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Aáyán ni ó kù, pọ́tìmántò tí ó dé dáadáa sì tó fún aáyán. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bí sínú ooru Èkó kò nílò ẹ̀wù híhun nípọnnípọn, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó o, kí á fi ti híhun pamọ́ de òwúrọ̀ òjò àti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ tuntun nínú agboolé, mo bẹ̀ yín, ẹ tú àpótí wò kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó kò. Ẹ kó káńfọ̀ dànù, kì í ṣe kúrò nínú aṣọ ọmọ nìkan, bí kò ṣe kúrò nínú gbogbo aṣọ tí ọmọ yóò fara kàn, títí kan ìró tí a óò fi pọ̀n ọ́n. Èyí tí òórùn káńfọ̀ bá ti wọ̀ lára, kí ọmọ tuntun má ṣe lò ó rárá. Bí ojú ọmọ bá sì di àwọ̀ ìyeyè, ẹ má ṣe dúró de oòrùn òwúrọ̀, ẹ má sì fún un ní omi ìbẹ́pẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí káńfọ̀ bá sì ti wà nínú aṣọ rẹ̀ rí, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó bi yín.